Ẹ̀rọ Ìbídàpọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ọlátóóyè ti ń ṣe ẹ̀rọ níléeṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n Ìbídàpọ̀ tó dé léṣìí ni ọ̀gá ń yìn. Ìlara ò jẹ́ kó gbádùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ìbídàpọ̀ rìnrìn-àjò, tí gbogbo wa sì ti lọ, ó yọ ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ Ìbídàpọ̀, ó fi bọ́ọ̀dù àyẹ̀wò tó so mọ́ kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀, kó lè rí àṣìṣe tí yóò fi dójú tì í. Ó fi kọ̀ǹpútà náà pàṣẹ kí ẹ̀rọ dúró. Iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Ó yọ wáyà iná, kò kú.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí àṣìṣe náà?”

Ohùn Ìbídàpọ̀ ni. Ó yíjú, kò rí ẹnikẹ́ni.

Fóònù rẹ̀ dún. Ìbídàpọ̀ ló ń pè.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Ọ̀fà o. Ta ló ń rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ yín yẹn?”