Bí Mo Ṣe Wà Tẹ́lẹ̀

Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán kan tó wà lókè báńkì ni ẹ̀gbọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ya àwòrán. Tí ayàwòrán bá ti yà á tán, òun ni yóò gbé e sórí kọ̀ǹpútà, tí yóò sì tún un ṣe. Ó ń pa irorẹ́ rẹ́, ó ń fa ọrùn gùn, ó ń gé ìbàdí kù. Ọdún karùn-ún rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ ọn débi pé ó lè máa bá ọ̀gá rẹ̀ ṣàwàdà lọ, kí ìka rẹ̀ sì máa gé ẹran ara ẹlẹ́ran lọ láì bèèrè.

"Ọwọ́ ẹ mú ju ọ̀bẹ dókítà lọ," ni ọ̀gá rẹ̀ máa ń wí. "Kò sì sẹ́ni tó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ń ta bàtà ní ìsàlẹ̀ òpópónà kan náà. Nígbà tí wọ́n bí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá wọn, kí ó tó kú, fi sọ ọ́ ní Rìbìtì. Ó pé ọmọ ogún ọdún, gbogbo ilé ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Àfi ìgbà tó yá tó sọ fún ìyá wọn pé kí wọ́n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Kí ni ká wá máa pè ọ́?"

"Ẹ má pè mí ní nǹkan kan, màmá."

Ìyá wọn ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí. Àbúrò á bu ìrẹsì sínú àwo, á máa fi ṣíbí tì í síbí, á tì í sọ́hùn-ún, á máa sọ ìtàn oníbàárà tó fẹ́ fipá ki ẹsẹ̀ ńlá bọ bàtà kékeré. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá wá fẹ́ palẹ̀ mọ́, ìrẹsì ṣì wà níbi tó wà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súwẹ́tà nínú oòrùn. Òrùka rẹ̀ yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń fọṣọ, kò tilẹ̀ wá a.

"Ọmọ ọlọ́mọ ń yó lọ́wọ́ mi," ni ìyá wí, "tèmi ń gbẹ lójú mi."

Ẹ̀gbọ́n rò pé òun mọ ohun tó fà á. Pátákó ìpolówó ńlá kan wà ní ọ̀kánkán ìsọ̀ bàtà náà. Obìnrin kan dúró lórí rẹ̀, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ó mú ìgò ohun mímu dání. Ẹ̀gbọ́n mọ obìnrin náà dáadáa. Lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ti tún un ṣe.

Ní Sátidé kan, ó mú àbúrò rẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò dúró mí kí wọ́n tó dókè. Ẹ̀gbọ́n fà á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó sì ṣí àwòrán obìnrin orí pátákó náà.

"Wò ó. Bó ṣe wọlé síbí nìyí." Ó tẹ bọ́tìnnì kan. "Bó ṣe jáde nìyí. Kò sírú ènìyàn yìí láyé. Èmi ni mo ṣe é."

Àbúrò wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ ni gbogbo wọn. Ta ló ń wo ìyẹn?"

"Ta wá lò ń wò tí o fi ń febi pa ara ẹ?"

"Mi ò wo ẹnì kankan. Mo kàn fẹ́ padà sí bí mo ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni."

"Bí o ṣe wà tẹ́lẹ̀ báwo? Ṣé kì í ṣe rìbìtì lo wà látọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ?"

Àbúrò kò bínú. Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó ń fi irọ́ tu òun nínú. "Ẹ ti gbàgbé ni," ó wí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kó gbogbo ìwé ìròyìn tó ní àwòrán obìnrin nínú ilé, ó sun wọ́n. Ó gbé dígí kúrò lára ògiri. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án, ìyá wọn kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, pẹ̀lú àwo oúnjẹ lọ́wọ́. Àbúrò jẹ ṣíbí mẹ́ta, omijé ń kán sínú àwo. Lọ́jọ́ kejì, kò fẹnu kan nǹkan kan.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá oníbàárà so okùn bàtà ló ti ṣubú, kò sì lè dìde.

Dókítà tó gbà á sílé ìwòsàn kò dàgbà jù ú lọ púpọ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹran ara ni ọkàn náà," ó wí. "Ebi ti jẹ gbogbo ara tán, ó ti kàn án."

Ẹ̀gbọ́n jókòó ti àbúrò rẹ̀ títí, ó ń ya irun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kó èyí tó bá já sínú àpò ara rẹ̀ kí ìyá wọn má baà rí i. Àbúrò la ojú lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ti kù díẹ̀ kí n débẹ̀," ó wí.

"Níbo?"

Ó ti sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyá ń bu omi ọbẹ̀ gbígbóná sínú ife lọ́wọ́ nígbà tí nọ́ọ̀sì fa aṣọ ibùsùn bo àbúrò lójú. Ìyá kò dáwọ́ dúró. Ó bu ú títí ife fi kún, tó fi ń dà sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kó ẹrù àbúrò lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, ó sì yọ àwòrán kan tó ti gbó ní etí láti abẹ́ ìrọ̀rí: àwòrán àbúrò fúnra rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n yà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ tó pé ọdún méjìdínlógún, tí ẹ̀gbọ́n gé ìbàdí rẹ̀ kù, tó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tí kò sì rántí sọ fún un, lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ọmọ náà fi bírò kọ ọ́ sí pé, "Èmi nìyí, kí n tó sanra."