Àsíá Tí Àǹtí Ọṣẹ Fọ̀

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ojú yín kì í gba ìdọ̀tí. Ẹ má tíì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kà á tán ná.

1.
Ẹgbẹ́ ọmọbìnrin kan ní yàrá kékeré lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ohun ìrántí ẹgbẹ́ sí: báàjì, fèrè, yunifọ́ọ̀mù àtijọ́, àti àsíá funfun tí àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fọwọ́ rán. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà fẹ́ràn ìmọ́tótó débi pé Àǹtí Ọṣẹ ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó mọ̀, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Àjọ̀dún ẹgbẹ́ ku díẹ̀. Màmá Àgbà ń bọ̀, òun nìkan ló ṣẹ́kù láyé nínú àwọn olùdásílẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pé òun kò fẹ́ ẹ̀bùn kankan, kí òun ṣáà rí àsíá àwọn.

2.
Àǹtí Ọṣẹ tẹ́ àsíá sórí tábìlì, ó rí àbàwọ́n dúdú róbótó-róbótó létí rẹ̀. Télọ̀ tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ dá a dúró.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pe Màmá ká bi wọ́n ná."

"Ká bi wọ́n kí ni? Ṣé ìdọ̀tí náà ti di ohun tí à ń gba àṣẹ kí á tó fọ̀?"

"Ó kàn ń ṣe mí bíi pé..."

"Jẹ́ n ríṣẹ́ ṣe, jàre."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì. Nígbà tó sá a, ó funfun báláú. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún un? Ẹ̀rín ló ń rín.

3.
Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé àsíá lé Màmá Àgbà nítan. Ó yí etí rẹ̀ síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Àtàǹpàkò wa dà?"

"Àtàǹpàkò wo, Màmá?" Àǹtí Ọṣẹ ló béèrè.

"Kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀wé kọ nígbà náà. Ká má baà dójú ti ẹnikẹ́ni, gbogbo wa la ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, tá a tẹ̀ ẹ́ síbí. Ti àbúrò mi wà níbí. Kò ya fọ́tò rí kó tó kú."

Àǹtí Ọṣẹ kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. Màmá fà á dìde, ó ní kó jókòó ti òun. Ó wá ń dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń hanrun ní àgọ́, èyí tó gbé fèrè ọ̀gá wọn pamọ́. Àwọn ọmọ ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà dùn gan-an, ìtàn ẹgbẹ́ kò sì bá Màmá lọ.

Nígbà tí Màmá fẹ́ padà sílé, télọ̀ gbé yíǹkì wá, pé kó tún àtàǹpàkò tẹ̀ sétí àsíá.

"Tèmi ni mo lè tẹ̀, ọmọ mi. Ta ni yóò bá wọn tẹ tiwọn?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá rí ohun àtijọ́ nílé ìyá yín tàbí nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má kùn ún, ẹ má sì jù ú nù, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo Àǹtí Ọṣẹ tó wà ládùúgbò yín. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.