Àlùmọ́gàjí Tíṣà Kíláàsì Karùn-ún

Tíṣà kan wà tí ọ̀lẹ àti ìgbéraga jọ ń gbé inú rẹ̀ bí ọkọ àti aya. Kò fẹ́ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé ẹlòmíràn ló bá òun ṣe é. Kíláàsì karùn-ún ló ń kọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀, níjòókòó iwájú.

Tíṣà yìí rí ìkànnì kan lórí ẹ̀rọ ayélujára, níbi tí àwọn olùkọ́ ti máa ń gbé iṣẹ́ wọn sí kí ẹlòmíràn lè rí i lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdánrawò wà níbẹ̀, àwòrán wà níbẹ̀, eré tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò wà níbẹ̀ lọ jàra. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ: kí ẹni tó bá mú iṣẹ́ jẹ́ kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lókè ìwé. Láràárọ̀ ni tíṣà yóò tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ jáde, yóò fa àlùmọ́gàjí yọ nínú àpò, yóò gé òkè ìwé náà dànù pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà níbẹ̀, yóò wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kì í tilẹ̀ ka ìyókù. Bó bá ti pín in tán, á ní, "Ẹ dà á kọ, ẹ kọ́ ọ sórí," á sì gbájú mọ́ fóònù rẹ̀.

Ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í yin èèyàn lásán, pè é níṣojú àwọn tíṣà yòókù.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọpọlọ! Tíṣà, níbo lẹ ti ń rí gbogbo èyí?"

"Orí yìí náà ni, mà," ó fi ìka kan iwájú orí rẹ̀. "N kì í sùn."

Bẹ́ẹ̀ rèé, bó bá ń han-an-run, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kì í sùn.

Ọ̀gá ní, "Ipò igbákejì mi ṣófo. Àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ yín la máa fi hàn wọ́n." Ayọ̀ kún inú tíṣà. Kò rántí pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò bá fúnni lápá, á ṣoni lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì ó gé òkè ìwé kan lórí ìṣirò ìdá, ó pín in. Bí òun àti ọmọ rẹ̀ ṣe ń rìn lọ sílé, ọmọ náà ní, "Dádì, ìwé òní sọ pé ìdajì lé ìdajì, ìdajì náà ló jẹ́. Tí mo bá ní ìdajì búrẹ́dì, tí ẹ wá fún mi ní ìdajì sí i, ṣé odidi kọ́ ni?"

"Ta ni tíṣà láàárín àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ohun tó wà nínú ìwé mi ni kó o máa kọ. N ò fẹ́ gbọ́ búrẹ́dì mọ́."

Ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà kò kúrò lọ́kàn tíṣà. Ó délé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ṣí ìkànnì náà. Ohun tó rí lókè ìwé, níbi tó ti gé dànù, nìyí: "Ẹ̀yin olùkọ́, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣi gbogbo ìṣirò inú ìwé yìí ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá àṣìṣe rẹ̀." Bó bá sọ fún àwọn ọmọ pé ìwé náà kò tọ̀nà, wọn á béèrè ẹni tó kọ ọ́. Bó bá ní òun kọ́, ipò igbákejì lọ. Bó bá ní òun ni, ọpọlọ tí wọ́n ń yìn dà? Ó panu mọ́. Ó ní ìwé òun pọ̀, pé àwọn alábẹ̀wò ò ní kan èyí.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ìwé yẹn gan-an ni ọ̀gá lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí òun ló tuntun jù. Àwọn àlejò jókòó sẹ́yìn, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà. Tíṣà dúró láàárín tábìlì àti pátákó, ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Kí ọmọ kan ṣe ti àkọ́kọ́ yẹn fún wa," ni àgbà obìnrin kan nínú àwọn alábẹ̀wò wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tíṣà gan-an, bọ́ síta."

Ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Tíṣà mọ̀ pé ọmọ náà mọ̀. "Dúró, mo ṣàṣìṣe" ì bá tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì mi orí sí ọmọ rẹ̀ pé kó kọ ọ́. Ọmọ kọ ọ́: ìdajì lé ìdajì, ìdajì.

Alábẹ̀wò béèrè jẹ́ẹ́, "Ọmọ mi, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó o fi kọ ọ́?"

"Dádì mi ní ohun tó wà nínú ìwé àwọn ni kí n kọ." Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Obìnrin náà dìde, ó fọwọ́ kan etí ìwé tó wà lára ògiri, níbi tí àlùmọ́gàjí ti gé e wọ́gọwọ̀gọ. "Mo mọ ìwé yìí. Mo ti fi kọ́ kíláàsì tèmi rí. Òkè rẹ̀ dà?"

Ọ̀gá yíjú sí tíṣà. "Tíṣà, òkè rẹ̀ dà?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe igbákejì. Wọ́n gba kíláàsì karùn-ún lọ́wọ́ tíṣà, wọ́n ní kó máa jókòó lẹ́yìn kíláàsì tíṣà mìíràn, kó máa wo bí wọ́n ṣe ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Orí àga ọmọdé ló ń jókòó sí, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Tíṣà Ìdajì. Ó fara da ìyẹn. Èyí tí kò lè fara dà ni ti ilé. Lọ́jọ́ kan ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ní, "Gbé e wá, ká jọ wò ó." Ọmọ náà rọra pa ìwé dé.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Màá bi tíṣà mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kò sí ohun tó burú nínú kí olùkọ́ lo iṣẹ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ayélujára. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kà á tán kí ẹ tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ sì jẹ́ kí orúkọ olóhun wà lórí ohun rẹ̀. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, nítorí ìtìjú òòjọ́ kì í pani. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ọmọ ní nínú òbí rẹ̀ ni kì í tètè padà bó bá ti lọ.