Ààwẹ̀ Ewé

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, òfin sì ti jáde pé gbogbo igi àdúgbò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, kí kànga má baà gbẹ. Láràárọ̀, Jọ́láadé ń wọ́n oje ìpanumọ́ sára igi ọsàn rẹ̀. Oje tí ewé fúnra rẹ̀ máa ń ṣe nígbà òùngbẹ ni, tí yóò fi pa àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ dé kí omi má baà jáde. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló fi ń jẹun, ọsàn náà kò sì so mọ́. Ọgbà rẹ̀ wá gbóná bí ààrò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó lọ kí Láníhùn, alága àdúgbò tó ń wàásù ààwẹ̀ kiri. Ó bá a tó sùn gbalaja sábẹ́ máńgòrò tó so jìngbìnnì. Abẹ́ igi náà tutù nini.

"Tèmi náà ń gbààwẹ̀ o," alága wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Ẹ̀yin ni ẹ ò ní ìfaradà."

Jọ́láadé pòṣé sínú. Àgbàyà òpùrọ́! Bí alága ti yíjú báyìí, Jọ́láadé fi ọ̀rá bo ẹ̀ka kan, ó so ó pinpin.

Nírọ̀lẹ́, abẹ́ igi yẹn náà ni wọ́n ti ṣèpàdé. Bí alága ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, Jọ́láadé tú ọ̀rá náà níṣojú gbogbo wọn. Omi tí ewé ti tú síbẹ̀ ló dà sínú ife. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Alága wa, ẹ kú ìṣínu o."