Gílóòbù Tí Ìyá Asàkẹ́ Sun Jóná

"Olórí ńlá, ọpọlọ ẹyẹ! Èmi náà ni mo pa á." Ìyá Asàkẹ́ lu itan rẹ̀ gbì, ó rẹ́rìn-ín ìbínú.

Gílóòbù inú rédíò àtijọ́ rẹ̀, èyí tó ń mú kó sọ̀rọ̀, ló ti rẹ̀wẹ̀sì. Irú rẹ̀ máa ń jí bí a bá fún un níná díẹ̀ sí i, tí a sì tètè dín in kù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń dán an wò ti ń gòkè, tó fi hàn pé ó ń jí, kí ìyá tó rò pé bí iná díẹ̀ bá wo aláìsàn, iná púpọ̀ yóò sọ ọ́ di géńdé. Gílóòbù mọ́lẹ̀ yòò, ó dún táù, ó kú. Òmíràn ò sì sí nílé.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì nìyí, tí Wúràọlá àbúrò rẹ̀ máa ń ka ìròyìn lórí rédíò láti Ìpetu. Wúràọlá kì í jẹ́wọ́ àìsàn; inú rédíò àtijọ́ nìkan ni ìyá ti ń gbọ́ bí ikọ́ rẹ̀ ṣe ń burú sí i. Àwọn rédíò ìsinsìnyí máa ń fọ ikọ́ kúrò nínú ohùn kí wọ́n tó gbé e jáde.

Tẹniọlá, ọmọ ọmọ ìyá, fọwọ́ kan ògiri, níbi tí rédíò ìsinsìnyí wà. Ohùn Wúràọlá jáde, ó ń dán bí abọ́ tuntun.

"Àbúrò mi tóhùn rẹ̀ ha bí ọlọ! Ta ló fi ọmọge dípò rẹ̀?" Ìyá lẹ etí mọ́ ògiri. "Ògiri ọ̀dájú, jẹ́ kó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré!"

Wúràọlá ka gbólóhùn kan, ó dákẹ́. Ó ka ìdajì òmíràn, ó tún dákẹ́, ó pẹ́.

"Màmá," ni Tẹniọlá wí, "kí ló dé tí wọ́n ń dákẹ́ báyìí?"