Ìlà Tó Yà Wá Gbé Télọ̀

Télọ̀ tí gbogbo ìlú ń pè ní Èmi-ò-Gbà ló dá a lábàá pé kí wọ́n pín ìjọba ìbílẹ̀ náà sí méjì. Káńsílọ̀ ni. Àṣà ìgbìmọ̀ náà sì ni pé ọ̀rọ̀ kankan kì í fìdí múlẹ̀ àfi tí gbogbo wọn bá fẹnu kò, torí náà ẹnu télọ̀ nìkan tó láti dá gbogbo wọn dúró. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, ó ní ibẹ̀ kọ́. Wọ́n gbé e lọ síbi tó fẹ́, ó ní kí ló dé tí wọ́n fi tètè gbà.

Ohun kan ló ń dùn ún wọra. Pẹ̀lú gbogbo làálàá ẹnu rẹ̀, wọn ò pàtẹ́wọ́ fún un rí. Ó wá gbà pé tí òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀, bá ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, wọn á mọ iyì òun níbẹ̀.

Ó múra ìjà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí alága fi nawọ́ sókè, ni gbogbo ọwọ́ tó kù bá tẹ̀ lé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí omi fi lé ròrò sójú télọ̀.

"Ìyá wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi o!" ló ń sọ bó ṣe ń wọlé.

"Mo gbọ́ ọ láti ilé ìdáná," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ẹ̀yìn gbọ̀ngán ìgbìmọ̀ gan-an nilé wọn wà. "Ẹ kú oríire. Ṣé ẹ máa wá jẹ́ kí n kun ilé ìdáná náà báyìí?"

"Àwọ̀ wo?"

"Funfun."

"Èmi ò gbà."

Nígbà tí awọnlẹ̀ dé pẹ̀lú èèkàn rẹ̀ láti pa ààlà ìjọba méjèèjì, ìlà náà ń bá odò lọ jẹ́jẹ́. Bó ṣe dé orí afárá, ó fi odò sílẹ̀, ó wọ àárín ìlú, ó yí ilé télọ̀ po, ó sì padà sódò.

"Kí ló dé tí ìlà yín ń rìn bí ọ̀mùtí?" ni télọ̀ bi í.

Awọnlẹ̀ wolẹ̀. Alága tó bá a wá ló dáhùn, ó gbọ́wọ́ lé télọ̀ léjìká: "Ọ̀gá mi, ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yìí. Ṣé a lè gbé ọmọ lọ ká fi bàbá ẹ̀ sílẹ̀ ni?"

Orí télọ̀ wú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí nǹkan kan takò. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù fún awọnlẹ̀, ó sì rọra bi í bóyá ó ṣì máa padà wá.

Ìgbìmọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má yí àṣà àtijọ́ padà. Wọ́n fẹ́ kan òrùlé gbọ̀ngán, ó dìde. Wọ́n fẹ́ tún afárá ṣe, ó dìde. Ní ìjókòó kẹta, ìyá àgbà kan tó ń ṣojú àwọn àgbẹ̀ sọ pé ẹni tó dá ìjọba wọn sílẹ̀ yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń dá lọ́lá, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe máa ṣe é sílẹ̀ fún òun. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè, ti télọ̀ náà wà níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ tí wọ́n ń kan nǹkan mọ́lẹ̀ níta. Ó jáde, ó bá awọnlẹ̀ níbi tó ti ń kan èèkàn sí igun ọgbà rẹ̀. Òmíràn ti wà ní igun kejì àti ìkẹta.

"Ìjọba ìbílẹ̀ ta lẹ tún ń wọ̀n?"

"Tiyín nìkan ni, sà," ni awọnlẹ̀ wí.

Kí télọ̀ tó la ẹnu pé òun ò gbà, ìyàwó rẹ̀ ti gbé omi tútù jáde, ó kúnlẹ̀ síwájú awọnlẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun jẹ́ kí ìlà náà gba àárín yàrá àti ilé ìdáná.