Tọ́bò Bándélé

Ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín ná. Èmi ìyá àgbà tó ku eyín méje lẹ́nu, ọkọ̀ ni mò ń bá jà.

Bándélé ọmọ mi ń wakọ̀ lọ ṣe tíṣà ní Ìlọ́fà lójoojúmọ́. Láti bí ọdún kan, tó bá dé Ọ̀sì nílé wa nírọ̀lẹ́, kì í tètè sọ̀kalẹ̀. Á jókòó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa kùn.

"Bándélé, pa á! Epo ń jó!"

"Yèyé, ẹ́ńjìnnì yìí ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó lè lágbára. Tó bá ti sáré, ó gbọ́dọ̀ mí díẹ̀ kí n tó pa á, kó má baà bàjẹ́."

"Ọ̀lẹ ni ẹ́ńjìnnì yẹn! Kẹ̀kẹ́ ni bàbá rẹ ń gùn lọ Ìlọ́fà. Ta ló dúró kí kẹ̀kẹ́ mí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín jù ú lọ, ìró mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, mo pa á fúnra mi.

"Ó yá, tíṣà, wá gbé àpò iṣu yìí wọlé."

Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú. Kò dìde mọ́.

Dókítà ní àìsàn ọkàn ni, ó ti tó ọdún kan lára rẹ̀.

A ti sin ín. Ọkọ̀ ṣì wà níbi tí mo pa á sí.

Lónìí, mo pe Mìkáílù mẹkáníìkì kó yẹ tọ́bò náà wò, bóyá mo ti bà á jẹ́, torí mi ò jẹ́ kó mí.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí.

"Màmá, ta ló sọ fún yín pé ọkọ̀ yìí ní tọ́bò?"